Ẹ Má Ta Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́ fún Alákàrà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ìjẹ̀bú

Sí àwọn ààrẹ, àwọn akọ̀wé àti gbogbo ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí ń jáde ní Ojúde Ọba, àjọ̀dún ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá, n ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó rojọ́. Ẹ jọ̀wọ́, nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ palẹ̀ yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, tàbí tí àwọn ọmọ bá fẹ́ kó ẹrù bàbá wọn tí ó ti di olóògbé jáde, ẹ má ṣe ta kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò àjọ̀dún, fọ́tò àti fíìmù inú páálí fún àwọn tí ń ra ìwé ní kílò kílò, ẹ má sì fi wọ́n dáná. Ẹ kó wọn jọ sí ibi kan tí ó gbẹ, tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì gbà kí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà tí ń gé àwòrán, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di àwòrán tuntun, àwọn tí à ń pè ní oníkọ́láàjì, lè wá ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀dà ni mo wí o. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ti àlùmọ́gàjí bọ ojúlówó.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo fi tọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti ìgbà tí a ti ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí kọ̀ǹpútà fi dé tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń gbé wá, bíi ìwé ìpè, ìwé ètò ìsìnkú àti rìsíìtì, kò sí èyí tí ó ń fún wa ní wàhálà, tí ó sì tún ń dùn mọ́ wa, tó kàlẹ́ńdà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò nílò àlàyé: ìwé fífẹ̀ kan tí a fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ dè lókè àti nísàlẹ̀, tí ó máa ń lu ògiri pàkàpàkà bí afẹ́fẹ́ bá wọ pálọ̀, Kábíyèsí láàárín lókè, bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ẹgbẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlà-ìlà, olúkúlùkù nínú róbótó tirẹ̀, orúkọ àti ipò wọn lábẹ́, oṣù méjìlá nísàlẹ̀ pátápátá.

Bí a ṣe ń ṣe é ni ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo àwọn tí ó wà lórí kàlẹ́ńdà jọ jókòó fún onífọ́tò. Ọ̀kan á mú fọ́tò pélébé ti ìwé ìrìnnà wá, èkejì á mú èyí tí ó yà níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, tí èjìká ìyàwó ṣì wà létí rẹ̀, ẹ̀kẹta á mú èyí tí ó dúró gbagidi níwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ wa ni láti fi bíléèdì gé orí àti èjìká jáde, kí a tọ etí fìlà láìjẹ́ kí ó ya (abetí-ajá ni ó le jù, gèlè ni ó tẹ̀ lé e), kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí funfun, kí a fi yíǹkì bo ojú ibi tí a ti gé e, kí a tó gbé odindi páálí náà síwájú kámẹ́rà ńlá tí yóò sọ ọ́ di fíìmù, tí fíìmù náà yóò sì di púléètì tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá mú fọ́tò wá títí àsìkò fi lọ, a ó fi róbótó rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ìtìjú rẹ̀ á sì wà lára ògiri fún ọdún kan gbáko. Ẹni tí ọlọ́jọ́ bá dé bá kí iṣẹ́ tó jáde, a ó fa ìlà dúdú yí i ká. Mo rántí bàbá kan tí orí rẹ̀ ti pá, tí ó mú fọ́tò ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì kún dẹ́dẹ́ wá; nígbà tí akọ̀wé ní kò jọ ọ́ mọ́, ó ní ojú tí òun fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ òun mọ̀ nìyẹn. A lò ó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ṣàgámù, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé kò bẹ̀ mí ní alágbàwí, kò ṣe mí ní kàyééfì bí ó ti ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àwòrán náà ga tó ilẹ̀kùn. Ẹṣin Ojúde Ọba ni, ẹni tí ó gùn ún sì jókòó lé e lórí nínú agbádá. Láti òkèèrè, èèyàn á rò pé ọ̀dà ni ó fi kùn ún. Bí èèyàn bá súnmọ́ ọn, ara ẹṣin náà á di káàdì ìpè tí wọ́n ti ha, ìwé tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú, ọ̀rá búrẹ́dì, àti etí pósítà fíìmù tí òjò ti pa láwọ̀ dà. Téèpù tí ó fà jáde láti inú kásẹ́ẹ̀tì fújì ni ó fi ṣe ìjánu. Agbádá náà jẹ́ fótókọ́pì léèsì: aṣọ náà gan-an ni ó tẹ́ sórí ẹ̀rọ fótókọ́pì, kí gbogbo ihò ara rẹ̀ lè jáde ní dúdú àti funfun. Ojú ẹni tí ó gun ẹṣin wá láti ara kàlẹ́ńdà mẹ́ta: ẹyinjú àti imú láti ara ọ̀kan, ẹnu láti ara èkejì, fìlà láti ara ẹ̀kẹta. Ibi tí ó ti gé wọn hàn gbangba, kò fi yíǹkì bò ó bí àwa ṣe máa ń ṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí a lè rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni. Mo dúró wò ó pẹ́, mo sì gbà pé ó láyà jù mí lọ nínú iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn níbòmíràn. Ní 1912, Pablo Picasso lẹ aṣọ ọlọ́ràá kan tí wọ́n tẹ àwòrán àga tí a fi ọ̀pá hun sí mọ́ ara àwòrán tí ó ń kùn lọ́wọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Hannah Höch ń gé ìwé ìròyìn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Berlin láti fi bú àwọn olóṣèlú ìlú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1964, Romare Bearden, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ń gé ojú àwọn èèyàn rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwòrán ère ilẹ̀ Áfíríkà ní New York. Mo sáré kọjá lórí wọn nítorí ilé ni mò ń lọ. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa, Wangechi Mutu, tí wọ́n bí ní Nairobi ní 1972, máa ń gé ètè àti itan àwọn obìnrin inú ìwé oge, tí ó sì ń lẹ̀ wọ́n mọ́ àwòrán àìsàn ilé ọmọ láti inú ìwé ìṣègùn àtijọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, mo sì rò pé ohun tí ó fẹ́ nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ìbéèrè mi jù ni Njideka Akunyili Crosby, tí wọ́n bí ní Enugu ní 1983, tí ó ń gbé ní Los Angeles báyìí, ọmọ Dora Akunyili tí gbogbo wa mọ̀ nígbà tí ó ń lé àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn kiri ní NAFDAC. Yàrá ni ó sábà máa ń yà: àga, tábìlì, òun àti ọkọ rẹ̀, tàbí àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ògiri yàrá náà dáadáa, tàbí aṣọ tí ẹnì kan wọ̀, a ó rí i pé fọ́tò kéékèèké ni ó kún ibẹ̀ pitimu: àwòrán inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà, olórin, òṣèré, ológun tí ó ṣèjọba, ìgbéyàwó àwọn ẹbí rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣe é wu atẹ̀wé: yóò fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà fọ́tò, yóò dojú ẹ̀dà náà dé orí bébà, yóò fi ásítóònù, omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, pa á lẹ́yìn, yóò sì máa ra á títí yíǹkì yóò fi ṣí kúrò lára ìwé kan bọ́ sára èkejì. Ó tún máa ń lo aṣọ tí wọ́n tẹ ojú èèyàn sí, irú èyí tí àwa náà ń rà fún ìsìnkú àti fún ìbò. Ní 2017, àjọ MacArthur ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn ńlá wọn dá a lọ́lá. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ta ni ó tọ́jú àwọn ìwé ìròyìn àti fọ́tò wọ̀nyẹn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹnì kan wà ní ilé kan tí kò fi wọ́n ránṣẹ́ sí alákàrà.

N kò bá alákàrà jà. Bí mo bá jí láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá Òkè-Ajé, wọ́n ti di àkàrà fún mi rí nínú ìwé tí mo mọ̀ dájú pé ọwọ́ mi ni ó tò ó: ìlà kejì kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan, akápò, akọ̀wé owó àti alukoro, epo ti mu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yó.

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tí ó wà nílẹ̀ fún ọwọ́ àwọn oníkọ́láàjì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Hubert Ògúndé jẹ́ ọmọ Ọ̀sọsà níbí, ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1945, pósítà ni ó sì máa ń ṣáájú ọkọ̀ àwọn eléré wọ ìlú. Haruna Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun àti I. K. Dairo ni ó dá ilé iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀ ní 1969, páálí àwo àpàlà sì jẹ́ ohun tí oníkọ́láàjì lè fi oṣù kan wò, nítorí pé olórin kì í kàn án rẹ́rìn-ín lásán lórí rẹ̀, ó jókòó bí ẹni tí ó mọ̀ pé a ó gbé òun kọ́ ògiri. Ìwé Atọ́ka náà wà, tí a ń kà nígbà èwe wa, tí wọ́n to fọ́tò àwọn òṣèré tẹ̀ lé ara wọn di ìtàn, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sára fọ́tò náà gan-an. Gígé àti lílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ fi káàdì ọdún, ìwé ètò Ojúde Ọba láti ọdún dé ọdún, àti fọ́tò dúdú-funfun àwọn ẹbí Balógun lórí ẹṣin kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi ara yín: nínú ilé yín, mélòó ni ó ṣẹ́kù?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà inú yín yóò sọ, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ lójú mi. Wọ́n ní a kì í gé orí èèyàn kúrò lára fọ́tò. Wọ́n ní fọ́tò òkú ni a fi ń rántí òkú, kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi ṣeré. Wọ́n ní ta ni ó mọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi orí gígé ṣe. N kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyá wa kì í jẹ́ kí fọ́tò ọmọ kankan bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n orí gígé ni ó kún kàlẹ́ńdà yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ sì fi ìyẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀. Àwọn onífọ́tò wa pàápàá ti ń gé, tí wọ́n sì ń so, tipẹ́tipẹ́. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí òun náà jẹ́ onífọ́tò, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn, onífọ́tò á ya èyí tí ó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ìwà àìbọ̀wọ̀ fún òkú.

Ẹ tún wo ẹ̀kú egúngún. Àrán ìyá àgbà wà níbẹ̀, àdìrẹ wà níbẹ̀, ankara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà wà níbẹ̀, nítorí pé bí ọdún bá ti ń yí ni ẹbí ń rán aṣọ mìíràn kún un. Ẹni tí ó bá fa ewé aṣọ kan sọ́wọ́ á rí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó bínú pé wọ́n gé aṣọ bàbá òun. Ohun tí ọmọbìnrin Ṣàgámù yẹn ṣe fún ẹnu bàbá ẹnì kan kò ju èyí lọ: ó rán an mọ́ ohun tí ó tóbi jù ú lọ.

Síbẹ̀, mo gbà pé ààlà gbọ́dọ̀ wà. Fọ́tò ètùtù kì í ṣe ohun tí a ń fi há àpótí gbogbo ayé. Ohun tí ó jẹ mọ́ Agẹmọ tí ojú obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí, àti ohun tí ó jẹ́ ti inú ilé Òṣùgbó, ẹgbẹ́ Ògbóni ti Ìjẹ̀bú, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí àwọn tí ó ni wọ́n sì di kọ́kọ́rọ́ wọn mú. Fọ́tò ìsìnkú ọmọdé, n ó ní kí a dá a padà fún ẹbí. Bí ẹnì kan bá dé tí ó ní òun kò fẹ́ ojú ìyá òun níbẹ̀, kí a mú un kúrò láìbá a ṣe àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn ọ̀dọ́ inú yín máa ń gbé dìde. Wọ́n ní àwọn oníkọ́láàjì ń ta ojú wa fún òyìnbó, àwa kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ọ̀pọ̀ wọn kò rí kọ́bọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ wà, ẹni tí wọ́n sì ń gbàgbé jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yin, onífọ́tò ni. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà tí ó wà lóde báyìí, ti ọdún 2022, fi àyè sílẹ̀ fún àwàdà, ẹ̀fẹ̀ àti iṣẹ́ tí a fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe àfarawé, bí ìlò náà bá tọ́. Kò sọ pé kí a pa orúkọ ẹni tí ó ya fọ́tò rẹ́. Nínú iṣẹ́ títẹ̀ wa, òǹtẹ̀ sítúdíò máa ń wà lẹ́yìn fọ́tò. Kí ẹ̀dà tí a bá ṣe gbé òǹtẹ̀ náà dání, kí oníṣẹ́ ọnà sì kọ orúkọ sítúdíò náà sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ta á, kí òun àti ìdílé onífọ́tò náà jókòó sọ ọ́ bí èèyàn. Èyí kò le.

Àwọn kan yóò ní gbogbo rẹ̀ ti wà lórí fóònù. Lóòótọ́, ní Ojúde Ọba ọdún 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú awò dúdú lójú àti sìgá lọ́wọ́, tàn ká ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì fi dárà lóríṣìíríṣìí lórí kọ̀ǹpútà. (Ti àwọn àwòrán tí ẹ̀rọ ń hùmọ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹṣin ń yọ ẹsẹ̀ márùn-ún níbẹ̀, n kò ní bá yín sọ lónìí.) Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó gba orí WhatsApp kọjá ti rù kí ó tó dé ọwọ́ yín, bí a bá ní kí a tẹ̀ ẹ́ kí ó tóbi tó ilẹ̀kùn, ojú á fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Fóònù ń sọnù, olè ń jí i, ojú ìwé Facebook ń kú mọ́ ẹni tí ó ni ín. Àti pé ọdún tí fóònù ti gba iṣẹ́ fọ́tò kò tíì pọ̀ rárá. Gbogbo ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ wà lórí ìwé àti fíìmù, ìwé àti fíìmù sì ní ọ̀tá tiwọn.

Lórí èyí, ẹ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bí ẹ kò tilẹ̀ gba ìyókù, nítorí iṣẹ́ mi nìyí. Bébà olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn àti ìwé ètò ní èròjà kíkan nínú. Oòrùn àti ooru ń mú kí ó pọ́n, kí ó sì máa ya bí ewé gbígbẹ. Sẹ́lótéèpù tí àwọn ọmọ fi ń tún un lẹ̀ ni ó burú jù, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú ìwé, á sì fi àbàwọ́n pupa-rúsúrúsú tí kò ṣeé fọ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá gbígbóná bo fọ́tò lójú ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe lámínéètì; ohun tí ó bá ti wọnú rẹ̀ kò ṣeé yọ mọ́. Fọ́tò aláwọ̀ ti ọdún 1970 sí 1989 ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ń di pupa, ṣùgbọ́n dúdú-funfun tí onífọ́tò bá fi omi ṣàn dáadáa lè pẹ́ jù wá lọ. Fíìmù tí ó bá ń rùn bíi fínígà ti ń bàjẹ́ láti inú, ẹ sì tètè yà á kúrò lára àwọn yòókù kí ó má baà kó bá wọn. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù tí a fi ẹ̀kọ tàbí láfún sè, ìkán kò sì yan ohunkóhun láàyò. Nítorí náà, ẹ tẹ́ kàlẹ́ńdà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má ká a. Ẹ gbé àpótí kúrò nílẹ̀ àti kúrò lára ògiri. Ẹ fi bébà funfun pààlà sáàárín wọn. Ẹni tí yóò bá fi ẹ̀rọ yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kí ó yà wọ́n ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe hàn kedere tó), kí ó sì tọ́jú wọn sí ibi méjì.

Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú fún mi ni pé Aláyélúwà, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọ̀gbágbà Kejì, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025. Láti 1960 ni àwòrán wọn ti ń wà láàárín lókè lórí kàlẹ́ńdà ní ìlú yìí, a sì lè to kàlẹ́ńdà tẹ̀ lé ara wọn kí a rí bí Kábíyèsí ṣe ń dàgbà sórí ìtẹ́, láti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú rẹ̀ ń dán títí dé àgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Lábẹ́ wọn ni ìlú ń yí padà: kóòtù àti táì di agbádá, agbádá di léèsì, léèsì di aṣọ òkè, gèlè ń ga sí i lọ́dọọdún. Kò sí òpìtàn tí ó kọ ìyẹn sílẹ̀. Àwa atẹ̀wé ni a lẹ̀ ẹ́, láìmọ̀ pé ìtàn ni à ń lẹ̀. Báyìí tí àwọn ìdílé ń tún ilé ṣe, tí wọ́n ń wó ilé alámọ̀ tí wọ́n ń fi bíríkì kọ́ ọ, ìgbà yìí gan-an ni ìwé ń jáde síta jù.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò ga. Kí olúkúlùkù ẹgbẹ́ yan ọmọ ẹgbẹ́ kan tí yóò máa gba ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹbí, ẹni tí ó ní sùúrù ni o, kì í ṣe ẹni tí ó lówó. Kí ẹ jọ wá yàrá kan ní ìlú, ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn yín tí kì í ṣe ibi tí a ń kó àga ìnáwó sí. Kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí a ó máa kọ ohun tí ó wọlé sí, ẹni tí ó mú un wá, sítúdíò tí ó yà á bí a bá mọ̀ ọ́n, àti orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Fún èyí tí ó kẹ́yìn yìí, ẹ ké sí àwọn ìyá àgbà, nítorí wọ́n mọ ojú ju àwọn bàbá lọ. Kí oníkọ́láàjì tí ó bá wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà lójú ẹni tí ń ṣọ́ yàrá náà, kí ó sì fún yàrá náà ní ẹ̀dà kan nínú iṣẹ́ tí ó bá fi ṣe. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ ní kí wọ́n kó iṣẹ́ wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ pápá ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kí àwọn tí wọ́n gé orí bàbá wọn lè wá wo ibi tí orí náà gùnlẹ̀ sí, kí wọ́n sì bá ẹni tí ó gé e jà lójúkojú bí ó bá wù wọ́n.

Fíìmù àwọn kàlẹ́ńdà tí ó kù lọ́wọ́ mi wà nínú páálí bàtà lábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fi bébà pààlà sáàárín wọn, mo sì ti kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára àwọn tí mo dá mọ̀. Nínú àwọn tí n kò dá mọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní orúkọ lábẹ́ róbótó mọ́ nítorí pé ìkán ti jẹ ìsàlẹ̀ páálí náà. Kí akọ̀wé tí ẹ bá yàn wá bá mi níbẹ̀ kí Iléyá tó wọlé, kí ó sì mú ẹnì kan tí ó mọ àwọn ará Ìjàsì àti Ìwàdé dáadáa dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Atẹ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde